Ojú Kì Í Dá Ríran: Ohun Tí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Ń Ṣe sí Ìríran Wa

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílùú Ìbàdàn, mo kí yín púpọ̀. Bí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke, bá kọ lu ẹnì kan nínú ẹbí wa, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń wò: ṣé ọwọ́ ṣeé gbé, ṣé ẹsẹ̀ ṣeé fi rìn, ṣé ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni a fi ń mọ bí àìsàn náà ti le tó, àwọn náà ni a sì fi ń mọ̀ bóyá ara ti ń yá. Ojú ni a kì í béèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé ju ìdajì àwọn tí àrùn yìí bá mú ni ìríran wọn máa ń ní àbùkù kan tàbí òmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ bí wọn yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí a fi ojú kún ohun tí a ń wò, láti wákàtí tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ títí dé oṣù tí aláìsàn ti ń fi ọ̀pá rìn káàkiri ilé.

Ẹyinjú kì í dá ríran. Ìmọ́lẹ̀ a wọ inú ẹyinjú, a bọ́ sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú, awọ yìí ni ó sì ń fi iṣẹ́ lé iṣan ìríran lọ́wọ́ láti gbé e lọ sínú ọpọlọ. Iṣan ojú ọ̀tún àti iṣan ojú òsì a máa pàdé lábẹ́ ọpọlọ, níbẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdajì nínú fọ́nrán iṣan kọ̀ọ̀kan ti ń ré kọjá sí òdìkejì. Nítorí èyí, gbogbo ohun tí ó wà ní ọwọ́ òsì wa, ìbáà jẹ́ ojú ọ̀tún ni ó rí i tàbí ojú òsì, apá ọ̀tún ọpọlọ ni a ń gbé e lọ. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, apá òsì ọpọlọ ni ó ń gbà á. Ibi tí ìrìn náà parí sí ni ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìpàkọ́ gan-an, ibẹ̀ ni a sì tó mọ ohun tí a rí.

Ogun ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí èyí kedere. Nínú ogun tí Rọ́ṣíà àti Japan jà ní ọdún 1904 sí 1905, dókítà ojú kan tí ó jẹ́ ọmọ Japan, Tatsuji Inouye, ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn gba ìpàkọ́ wọn kọjá tí wọn kò sì kú. Gordon Holmes, dókítà ọpọlọ kan, ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ẹyinjú àwọn ọkùnrin náà pé, kò sí ohun tí ó ṣe é, síbẹ̀ apá kan ti pòórá nínú ohun tí wọ́n ń wò, ibi tí ọta sì gbà nínú ọpọlọ ni ó ń sọ apá tí yóò pòórá. Ohun tí ọta ìbọn ṣe fún àwọn wọ̀nyẹn ni rọpárọsẹ̀ ń ṣe fún tiwa láìsí ìró: bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí iṣan náà bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ. Irú ti àkọ́kọ́ ni ó pọ̀ jù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n irú kejì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ènìyàn Áfíríkà ju bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Gbági ṣe àpẹẹrẹ. Ó jí lówùúrọ̀, orí ń fọ́ ọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ẹnu rẹ̀ kò wọ́. Ó fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn nígbà tí ó ń jáde. Ó fẹ́ sọdá títì, máíkírà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a láti ọwọ́ òsì, awakọ̀ ń bú u pé ṣé kò ríran ni. Ní ọjà, ọmọ oníbàárà rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kò dáhùn. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ìyá yìí yóò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ojú òsì òun ni kò ríran dáadáa mọ́, wọn yóò sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta awò ojú. Ẹni yẹn yóò ní kí ó ka lẹ́tà ara ògiri, yóò sì kà á dé ìlà tí ó kéré jùlọ, nítorí pé ojú tí a fi ń wo ọ̀gangan kò bàjẹ́. Yóò ra awò, yóò san owó, kò sì ní sí ìyípadà kankan.

Ìdajì ayé ìyá yìí ni ó ti pòórá nínú ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ọ́n kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó kojú sí ẹni náà, kí àlàfo tí ó wà láàárín yín má ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ẹ ní kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ó tẹ ojú kejì mọ́ imú yín, kí ó má sì yẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá na ìka yín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ mì ín díẹ̀, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ sì máa bi í bóyá ó rí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú kejì. Bí ó bá jẹ́ ẹyinjú kan ṣoṣo ni ó ní àìsàn, ojú kejì yóò rí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ojú méjèèjì kò ti rí ìka yín, ọpọlọ ni kí ẹ fura sí, kí ẹ má sì dúró di ọ̀la. Dókítà ojú ní ẹ̀rọ tí ó lè yàwòrán àlàfo náà dáadáa, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìka yìí ti tó láti mú wa dìde.

Kíkàwé a máa nira fún wọn, bí ó sì ṣe ń nira dá lórí ẹ̀gbẹ́ tí ó lọ àti ohun tí à ń kà. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bá lọ kò ní rí ọ̀rọ̀ tí ó kàn bí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá, nítorí ọ̀tún ni ìlà ń lọ. Yóò máa kọ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígùn, yóò ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì ní rí ìparí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ bá lọ yóò ka ìlà náà já, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn tiwa yìí, tí àwọn àáfà àti ọ̀pọ̀ ìyá wa ti ń ka Àlùkùránì ní èdè Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, òdìkejì ni yóò jẹ́: ẹni tí òsì rẹ̀ lọ ni ìlà Lárúbáwá yóò dà rú mọ́ lójú. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àgbàlagbà tí ó pa ìwé mímọ́ rẹ̀ tì lẹ́yìn àìsàn, tí ẹ̀yin sì rò pé ó ti sú u tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò rí ìlà náà já ni. Bébà aláwọ̀ pupa tí a tẹ́ sí etí ojú-ewé níbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí rúlà tí a gbé sábẹ́ ìlà tí à ń kà, a máa ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Òmíràn wà tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ láti gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá ọ̀tún ọpọlọ bá fara gbọgbẹ́. Ojú lè máa rí ohun tí ó wà ní òsì, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò kà á sí ohun tí ó wà láyé mọ́. Ẹ gbé àwo àmàlà síwájú bàbá bẹ́ẹ̀, kí gbẹ̀gìrì wà ní ọ̀tún kí ewédú wà ní òsì: yóò jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán mọ́nú, yóò fi ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀ gbọ́nrangandan, yóò sì ní ebi ṣì ń pa òun, ẹ kò bu oúnjẹ fún òun tó. Yóò fá irùngbọ̀n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Yóò wọ apá agbádá kan, kò ní wá èkejì. Ẹni tí ìdajì ìríran rẹ̀ lọ lè mọ̀ pé nǹkan sọnù, kí ó sì kọ́ láti máa yí orí. Ẹni yìí kò mọ̀ pé ohunkóhun sọnù, nítorí náà kò sí ohun tí yóò mú un yí orí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ má sì sọ pé ó ń ṣe agídí. Ẹ máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ kan apá òsì náà. Ẹ yí àwo rẹ̀ padà nígbà tí ó bá jẹun dé ààbọ̀. Ṣùgbọ́n aago ìpè rẹ̀, omi rẹ̀ àti oògùn rẹ̀, ọ̀tún tí ó mọ̀ ni kí ẹ gbé wọn sí, kí ewu má baà wu ú nígbà tí ó bá dá wà.

Àwọn kan a máa rí nǹkan kan ní méjì, nítorí pé àwọn iṣan tí ń darí ẹyinjú kò bá ara wọn mu mọ́. Tí wọ́n bá bo ojú kan, méjì náà a di ọ̀kan. Ojú àwọn mìíràn a máa gbọ̀n láìdúró, tí òòyì a sì máa kọ́ wọn. Èyí sábà máa ń wá láti ibi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọrùn, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójijì pẹ̀lú ìrìn tí ń yà sí ẹ̀gbẹ́, rọpárọsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ rò, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tilẹ̀ le koko.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ sókè, èmi yóò sọ ọ́. Bí apá kan nínú ìríran bá ṣófo, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tirẹ̀ kún àlàfo náà. Ìyá àgbà yóò sọ pé òun rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó lẹ́bàá ògiri, tàbí ẹyẹ, tàbí òdòdó ara aṣọ tí ń rìn, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ríran mọ́ yẹn gan-an. Wọn kì í bá a sọ̀rọ̀, wọn kì í sì pa á lára. Charles Bonnet, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1760, nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà tí ojú rẹ̀ ń fọ́, ṣùgbọ́n tí iyè rẹ̀ pé pérépéré, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ènìyàn, ẹyẹ àti ilé tí kò sí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde lè gbọ́ pé àwọn ará ọ̀run ti ń pè é, tàbí pé àjẹ́ ni òun fúnra rẹ̀. Wọ́n lè gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi ẹgba nà án tàbí tí wọn yóò ti fi ebi pa á. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń pa ẹnu mọ́, tí wọ́n ń dá nìkan bẹ̀rù ní òru. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ sọ fún wọn pé ọpọlọ tí ó gbọgbẹ́ ni ó ń ṣe é, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ sí i nínú yàrá àti yíyí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún a máa lé e lọ nígbà mìíràn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ohun tí ó ń rí ń bá a sọ̀rọ̀, tàbí pé kò mọ ibi tí ó wà mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹyinjú fúnra rẹ̀ náà lè ní rọpárọsẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ni ó ń bọ́ awọ ẹ̀yìn ẹyinjú. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí i, ojú yẹn yóò ṣókùnkùn lójijì láìsí ìrora, láìpọ́n, láìwú. Nítorí pé kò dunni ni àwọn ènìyàn wa ṣe ń fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí ó sì jẹ́ pé láàárín wákàtí díẹ̀ ni awọ náà ń kú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkùnkùn náà yóò wálẹ̀ lójú kan bí aṣọ ìkélé tí a fà, yóò wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì ká kúrò, ẹni náà yóò sì dúpẹ́ pé ó ti lọ. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó kọjá nínú ojú lónìí, inú ọpọlọ ni òmíràn lè dúró sí láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ojú tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tún mọ́lẹ̀ padà ní láti dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ọkàn wò, kí wọ́n yẹ iṣan ọrùn wò, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí ìríran bá yí padà lójijì, ẹ wo aago, kí ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi yín ni ìgbà tí ara aláìsàn ti dá ṣáṣá kẹ́yìn. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í ṣeé lò lọ títí: láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni a fi àyè rẹ̀ sí, kò sì ṣeé fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti ya àwòrán inú orí rẹ̀ láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó dà sínú ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí iṣan ńlá bá fi dí, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún (1,900,000) àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ń kú. Ẹni tí ó bá mọ bí ọkọ̀ ti ń dúró ní Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé kò sí àyè láti kọ́kọ́ ya ibòmíràn. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí ni kí ẹ dojú kọ tààrà. Ẹ má ṣe fún un ní aspirin nílé, nítorí bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà, ẹ ti fi kún un. Ẹ má ṣe da àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé e mì, kí ó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe kán omi ewé, ìtọ̀ tàbí ọmú sí i lójú. Àìsàn náà kò sí níbẹ̀, egbò tuntun ni ẹ ó sì fi kún ti àtijọ́.

Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí ìwádìí àrùn náà. Láti ọdún 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Ìbàdàn sílẹ̀ nínú ìwé kan, láti mọ bí ó ti pọ̀ tó ní ìlú Áfíríkà. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí mìíràn jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ju ẹgbẹ̀rún méjì àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba iwájú pátápátá nínú ohun tí ń fà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, sìgá, àìfi ara ṣiṣẹ́, àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán. Ohun tí inú mi dùn sí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ déédéé ni àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà ní gbogbo ọjà wa. Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọ tí wọ́n ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde: ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní rọpárọsẹ̀ kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá, bí ó bá sì ń kọsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ó ń fo apá kan ojú-ewé ìwé rẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe nà án.

Dókítà ojú pàápàá lè kìlọ̀ fún wa ṣáájú. Láti ọdún 1851 tí Hermann von Helmholtz, ọmọ Jámánì, ti ṣe ohun èlò tí a fi ń wo inú ẹyinjú, ẹ̀yìn ojú ti di ibi tí a ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kan ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti pẹ́ a máa fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀: iṣan tí ó tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ yẹ ojú wò nítorí awò, tí dókítà sì ní kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe rò pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó rẹ̀ ni.

Ní ti ìwòsàn, apá tí ó pọ̀ jù nínú ìríran tí yóò padà a máa padà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, pàápàá oṣù kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kọ́ ni ó kù: kí aláìsàn kọ́ láti máa yí orí àti ojú sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣófo, kí ó ṣe é léraléra títí yóò fi mọ́ ọn lára, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọ yàrá, kí ó tó sọdá títì, kí ó tó na ọwọ́ gbé ife omi gbígbóná. Ẹni tí ń rí nǹkan ní méjì lè máa bo ojú kan, tàbí kí dókítà fún un ní awò tí ń darí ìmọ́lẹ̀. Ẹ kó àpótí àti àga kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ríran, kí ẹ fi ọ̀dà tí ó hàn kun etí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá yín sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni kí ẹ béèrè àyẹ̀wò ojú bí wọn kò bá tíì ṣe é, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò rántí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà ni ó kù, ó sì nira, nítorí oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Awakọ̀ tí ìdajì ìríran rẹ̀ ti lọ lè lágbára lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ láìṣìnà, síbẹ̀ kò ní rí ọlọ́kadà tí ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ yóò búra pé òun ríran, kò sì purọ́, nítorí kò mọ ohun tí òun kò rí. Nítorí náà, kí ẹbí àti ẹgbẹ́ awakọ̀ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dókítà ojú yóò fi ya àwòrán ìwọ̀n ìríran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì jùmọ̀ wá iṣẹ́ mìíràn tí yóò máa ṣe ní gáréèjì fún un, kí ebi má baà lé e padà sí ìdí ọkọ̀ kí àbájáde náà tó jáde.